Ìdí Ahunṣọ Kì Í Ṣe Jẹ̀díjẹ̀dí

Ràsáàkì Ládòkun ti pé ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, ó sì ti fi mẹ́tàdínláàádọ́ta nínú rẹ̀ jókòó. Mi ò sọ ọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ahunṣọ òfì ni ní Ìsẹ́yìn níbí. Orí pákó tí bàbá rẹ̀ jókòó sí ni òun náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pákó ìrókò tó nípọn tó ìka mẹ́ta, tí kò sí ìrọ̀rí lórí rẹ̀, tí kò sí àkísà. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ ń ju ọ̀kọ̀ tí wọ́n ki òwú sí nínú sọ́tùn-ún sósì, ẹsẹ̀ ń tẹ ìtẹsẹ̀, ìdí wà lójú kan. Èmi Mákánjúọlá ni kápẹ́ńtà tó ń bá wọn tún òfì ṣe láti ìgbà tí èmi àti Ràsáàkì ti wà ní ọ̀dọ́. Mo mọ pákó yẹn dáadáa. Mo mọ ẹni tó jókòó lé e náà.

Iṣẹ́ yìí ló fi kọ́ ilé yàrá mẹ́rin. Òun ló fi rán Samsudeen, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, lọ sí iléèwé títí tó fi di òṣìṣẹ́ báńkì n'Ìbàdàn. Bí o bá mú awẹ́ aṣọ mẹ́wàá tí Ràsáàkì hun, tí o tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ilà ara wọn á bára dọ́gba bí eyín òòyà. Àwọn oníbàárà ń ti Ìlọrin wá, wọn á ní àwọn ò fẹ́ ti ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn Iléyá èṣí ni ìdí bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Apá òsì ni, níbi tí egungun ti kan pákó gan-an. Ó ní ṣe ló dà bí ẹni pé òun jókòó lé ẹyín iná. Bó bá dìde, á rọlẹ̀. Bó bá tún jókòó, á tún gbóná. Ní mọ́sálásí, tó bá ti di ìjókòó ìkẹyìn kí Lèmọ́mù tó sálámà, á fi gbogbo ara tẹ̀ sí ọ̀tún bí ọkọ̀ akẹ́rù tí wọn ò di ẹrù rẹ̀ dáadáa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé, nílẹ̀ wa, ènìyàn kò lè sọ pé ìdí ń dun òun kí wọ́n má gbọ́ jẹ̀díjẹ̀dí. Bí orí bá ń fọ́ ọ, wọ́n á bi ọ́ bóyá ibà ni, bóyá oòrùn ni, bóyá àìsùn ni. Ṣùgbọ́n ìdí, ẹjọ́ kan ṣoṣo ló ní: ẹni náà ti lá adùn jù.

Ó kọ́kọ́ sọ fún Àwáwù, ìyàwó rẹ̀. Èmi wà níbẹ̀, mò ń tún ilẹ̀kùn ilé ìdáná wọn ṣe.

"Ìyá Samsu, ìdí ń dùn mí."

Àwáwù kò tilẹ̀ gbójú sókè nídìí ẹ̀gúsí tó ń bó. "Mo ti sọ ọ́, Bàbá Samsu. Hóró ṣúgà mẹ́fà nínú ife ẹ̀kọ kan! Jẹ̀díjẹ̀dí ni."

"Kì í ṣe inú ìdí. Ara ìdí ni."

"Inú ìdí, ara ìdí. Ìdí mélòó lẹ ní?"

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí. Àwáwù kó ṣúgà pamọ́, ó lọ bá obìnrin alágbo kan ní gáráàjì, ó gbé ìgò àgbo jẹ̀dí wálé. Ó korò bí orogbó tí wọ́n fi ewúro sè. Ràsáàkì mu ún lárààárọ̀ fún oṣù mẹ́rin. Ó ń ṣu, ó ń rù, ìdí ò sì yé dùn ún. Kò sí ṣúgà nínú ẹ̀kọ, kò sí àkàrà òyìnbó, wọ́n tún ní kó má fẹnu kan mọ́ńgòrò.

Ọ̀rọ̀ dé àgọ́ tí àwọn ahunṣọ ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn mọ́kànlá ló wà lábẹ́ páànù kan náà, ẹni tí ẹnu rẹ̀ sì mú jù nínú wọn ni Jẹ́ẹ́dé, ẹni ọdún márùn-dín-láàádọ́ta. Bí ọlọ́sàn bá ti yà, Jẹ́ẹ́dé á ti kígbe.

"Ẹ fún gbogbo wa, ẹ yọ Bàbá sílẹ̀ o! Ìdí Bàbá ò gba adùn!"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí òfì á fi dákẹ́. Ràsáàkì náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ó pinnu pé òun ò tún ní dárúkọ ìdí lẹ́nu mọ́. Nígbà tó wá lọ sí ibùdó ìlera, tó bá nọ́ọ̀sì kan tí kò ju ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ, tí ìyẹn bi í pé kí ló ń ṣe é, ó ní, "Ẹ̀yìn ni."

Mo bi í lẹ́yìn náà pé kí ló dé tó parọ́.

"Irọ́ wo? Ṣé iwájú ni ìdí wà ni?"

Wọ́n fún un ní oògùn ẹ̀yìn. Kò ṣiṣẹ́. Ó lọ sọ́dọ̀ olóògùn kan lójú ọ̀nà, ìyẹn ní làkúrègbé ni, ó da hóró pupa, funfun àti aláwọ̀ ewé pọ̀ sínú ọ̀rá kan. Oògùn ọ̀rá yẹn pa ìrora fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta á nínú bí ata. Ó jù ú nù. Mo bá a ṣírò gbogbo rẹ̀: oṣù méje, oògùn ẹ̀yà mẹ́ta, ìdí kan náà.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Samsudeen wálé, ó bá bàbá rẹ̀ tó dojú bolẹ̀ lórí ẹní, tó ń jẹ ọ̀kà bí ọmọ tó ń kọ́ ìrákò. Òfì ti wà lásán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Eku ti gé òwú lójú méjì. Samsudeen kò pariwo, kì í ṣe ọmọ ariwo.

"Bàbá, ó tó. Sátidé kejì lẹ́yìn Ìtúnu, màá wá gbé yín lọ s'Ìbàdàn. Yàrá wà, tẹlifíṣọ̀n wà."

"Kí ni màá fi jókòó wo tẹlifíṣọ̀n?"

"Ẹ ó máa dùbúlẹ̀ wò ó, sà."

"Samsu, bí o bá wá tí o bá mi lórí òfì ńkọ́?"

Ọmọ náà rò ó. Ọmọ báńkì ni, ó fẹ́ràn kí nǹkan ní òṣùwọ̀n. "Bí mo bá bá yín lórí òfì láàárọ̀, tí ẹ sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí di ìrun ọ̀sán lójú mi, mi ò tún ní dárúkọ Ìbàdàn mọ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ ó bá mi lọ, ẹ ò sì ní bá mi jà."

"Mo gbà."

Lọ́jọ́ kejì, Jẹ́ẹ́dé wá kí i, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, ó sì bèèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bóyá òun lè kó òfì òun wá sí ojú ibi tí Bàbá ń lò, lẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí, nítorí òun gbọ́ pé Bàbá ń lọ s'Ìbàdàn. Ràsáàkì ní kó padà wá lẹ́yìn Ìtúnu.

Nígbà tí Jẹ́ẹ́dé lọ tán, Ràsáàkì kọjú sí mi. "Mákánjú, bí wọ́n bá gbé mi dé ọ̀hún, ta ni màá jẹ́ níbẹ̀? Bàbá Samsu, ó tán. Níhìn-ín, bí ènìyàn bá rí awẹ́ aṣọ lásán, á dárúkọ mi."

Mo ní, "Ó dáa. Ṣakí là ń lọ lọ́la."

Orúnkún mi ló jẹ́ kí n mọ ọ̀nà. Iṣẹ́ wa ń mú kí ènìyàn kúnlẹ̀ lórí pákó púpọ̀, orúnkún mi ọ̀tún sì ti wú bí ọmọ àgbọn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọmọbìnrin kan ní ọsibítù kan ní Ṣakí ló bá mi rọ̀ ọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi ọwọ́ àti eré ìdárayá tọ́jú oríkèé àti iṣan, físíò ni wọ́n ń pè wọ́n. Orúkọ rẹ̀ ni Olúwafọlákẹ́mi, ṣùgbọ́n Dọ́kítà ni gbogbo wa ń pè é.

"Obìnrin ni?" ni Ràsáàkì wí. "Kí n lọ ṣí ìdí fún obìnrin?"

"Ta ló ní kí o ṣí i? Wọ ṣòkòtò rẹ méjì bó bá wù ọ́."

Níwọ̀n ìgbà tí kò lè jókòó, a sanwó ènìyàn mẹ́ta kí ó lè ní gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀, èmi jókòó níwájú. Ó fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, ó ká ẹsẹ̀. Awakọ̀ wò ó nínú dígí.

"Bàbá, ṣé èrò lẹ jẹ́ ni, àbí ẹrù?"

"Ẹrù tó sanwó ni mí. Máa wa ọkọ̀ rẹ."

Ní ọsibítù, Dọ́kítà kí wa dáadáa, ó ní kí Ràsáàkì fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí ojú ibi tó ń dùn ún. Ràsáàkì wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó fi ìka kan ìbàdí, lókè níbi tí bẹ́líìtì ń gbà. Dọ́kítà tẹ̀ ẹ́.

"Ṣé ó dùn, Bàbá?"

"Díẹ̀díẹ̀."

"Ojú yín ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn."

Ó jókòó bí adìyẹ tó fẹ́ yé ẹyin sójú ibi tí kò mọ̀. Èmi ti ronú kan owó ọkọ̀. Ènìyàn mẹ́ta la san lọ, ènìyàn mẹ́ta la ó san bọ̀, èmi wá ṣìkẹrin. Mi ò lè gbé irọ́ kan náà padà sí Ìsẹ́yìn lówó yẹn.

"Dọ́kítà," mo ní, ohùn mi sì ròkè ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, "ìdí ni! Ìdí òsì! Kì í sì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí!"

Lẹ́yìn aṣọ tí wọ́n ta, níbi tí àwọn obìnrin mìíràn ti ń dúró, ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Ràsáàkì wò mí bí ẹni pé mo já ṣòkòtò rẹ̀ bọ́ láàárín ọjà. Dọ́kítà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó bi í bóyá ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, bóyá ẹsẹ̀ ń kú tipiri, bóyá ara ń gbóná lálẹ́. Rárá ni gbogbo rẹ̀. Ó wá ní, "Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe, Bàbá?"

"Mò ń hun aṣọ òfì."

Nígbà náà ni inú ọmọbìnrin yẹn dùn bí ẹni tó rí ohun tó ti ń wá. "Bàbá, inú ìwé ni mo ti ń rí i, n ò tíì fojú rí i rí. Àpò kékeré kan wà láàárín egungun ìdí àti ẹran. Omi tó ń yọ̀ wà nínú rẹ̀, bí gírísì inú àgbá kẹ̀kẹ́, kí egungun má baà máa ha ẹran. Bí ènìyàn bá jókòó lé e lórí nǹkan líle fún ọdún gbọọrọ, á wú, á sì máa ta. Láyé àtijọ́, ara àwọn òyìnbó tó ń hun aṣọ ni wọ́n ti rí i púpọ̀, orúkọ iṣẹ́ yín ni wọ́n sì fi pè é. Ìdí ahunṣọ."

Ràsáàkì gbórí sókè. "Ìdí ahunṣọ? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kì í ṣe ìdí alágbẹ̀dẹ? Kì í ṣe ìdí kápẹ́ńtà?"

"Ti ahunṣọ ni, Bàbá."

Ó gbàgbé ara rẹ̀, ó fìdí kalẹ̀ dáadáa bí olóyè, ó sì fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló ń rín nígbà tó fi dìde. Láti ìgbà yẹn, kò sí ohun tí Dọ́kítà bi í tí kò dárúkọ rẹ̀ gbangba.

Dọ́kítà kò fún un ní oògùn púpọ̀. Ó ní kí ó má jókòó lórí nǹkan líle rárá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí ó máa fi yìnyín tí a wé sínú aṣọ sójú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. Kí ó dùbúlẹ̀ gbalaja, kí ó fa orúnkún kan mọ́ àyà díẹ̀díẹ̀ títí iṣan ẹ̀yìn itan á fi nà, kí ó yí i sí èkejì. Kí ó má tún ra oògùn ọ̀rá. Bí ibẹ̀ bá gbóná tó pọ́n, tàbí tí ibà bá bá a wá, kí ó tètè padà. Bó bá sì fẹ́ padà sí òfì, kí ó má jókòó pẹ́.

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé mo ti pẹ́?" ni Ràsáàkì bi í. "Bí ọwọ́ bá ti wọ iṣẹ́, mi kì í wo aago."

"Kí lẹ fi ń wọn aṣọ?"

"Ìgbọ̀nwọ́."

"Ó parí. Bí ìgbọ̀nwọ́ kan bá ti pé, ẹ dìde, ẹ rìn dé ẹnu ọ̀nà, ẹ padà wá."

Nílé, Àwáwù ló ń ra omi inú ọ̀rá tó ti dì lọ́wọ́ obìnrin ọ̀kánkán wọn. Á wé e sínú aṣọ, á gbé e lé ọkọ rẹ̀ nídìí, á sì pe àwọn aládùúgbò. "Ẹ wá wo òkú Èkó mi! Ta ló fẹ́ ra ẹja tútù?" Ràsáàkì á ní kó rọra, pé ẹja tó lówó lórí ni. Ṣùgbọ́n Àwáwù kò pa ọjọ́ kan jẹ. Ó tilẹ̀ fún un ní ṣúgà padà, hóró méjì péré, ó ní ẹni ọdún tó tó bẹ́ẹ̀ ò tún nílò mẹ́fà.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti ń sùn lórí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó jókòó lórí àga aláfọ́ọ̀mù jẹun tán. Mo wá bọ́ sí iṣẹ́ tèmi.

Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe. Mo gé fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀dì tó rọ̀, mo tẹ́ ẹ lé pákó. Ràsáàkì jókòó, fọ́ọ̀mù náà wọlẹ̀ pátápátá, egungun tún bá pákó. Mo ra èyí tó le. Ìyẹn kò wọlẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé e sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tẹ ìtẹsẹ̀ dáadáa mọ́, aṣọ sì ń wọ́. Òun ló rí i, ó ní, "Mákánjú, ìdí mi wà lókè, ẹsẹ̀ mi wà nílé." Mo wá tú ìjókòó náà, mo gé ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìka mẹ́ta, mo gbẹ́ ihò méjì sínú fọ́ọ̀mù líle náà níbi tí egungun méjèèjì ń bọ́ sí, Àwáwù sì rán aṣọ bò ó. Owó fọ́ọ̀mù méjèèjì kò tó ti àgbo oṣù kan.

Lọ́jọ́ kẹta Ìtúnu ló padà sí àgọ́. Jẹ́ẹ́dé rí ìrọ̀rí.

"Háà, Bàbá! Jẹ̀díjẹ̀dí ti ń jókòó lórí tìmùtìmù!"

Ràsáàkì kò tijú rárá. Ó dúró láàárín àgọ́ bí oníwàásù. "Kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí. Ìdí ahunṣọ ni wọ́n ń pè é, ó wà nínú ìwé ọsibítù. Mọ́ńgòrò kọ́ ló fà á, ṣúgà kọ́ ló fà á. Iṣẹ́ yìí ni. Ẹni tí kò bá hun aṣọ dénú kò lè ní i." Ó ṣàlàyé àpò inú ara fún wọn, ó ṣàlàyé gírísì, ó dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ pẹ̀lú agbádá, ó fa orúnkún mọ́ àyà kí wọ́n lè rí i.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyápọ̀, tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Tèmi, apá ọ̀tún ni." Ẹlòmíràn ní ọdún méjì rèé tóun ti ń mu àgbo ní kọ̀rọ̀, tí ìyàwó òun ò mọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn mẹ́rin ti jẹ́wọ́. Ẹni karùn-ún ni Jẹ́ẹ́dé.

"Ìwọ?" ni Ràsáàkì wí. "Ìwọ tí o ń gba ọsàn lọ́wọ́ mi?"

"Bàbá, ẹ máà bínú. Mo ń pariwo tiyín kí wọ́n má baà gbọ́ tèmi ni."

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, mo gé ẹsẹ̀ ìjókòó márùn-ún.

Sátidé náà pé. Samsudeen ti Ìbàdàn dé kí oòrùn tó mú, ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà àgọ́, ìrọ̀rí méjì wà lẹ́yìn rẹ̀ fún Bàbá láti dùbúlẹ̀ sí. Ó gbọ́ ìró òfì kó tó wọlé. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń wo bàbá rẹ̀.

Ìgbọ̀nwọ́ kan pé. Ràsáàkì dìde. Samsudeen náà fò dìde. "Ó ti ń dùn yín, sà?"

"Ìgbọ̀nwọ́ kan ló pé. Jókòó."

Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà. Èkejì, ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin, bákan náà. Nígbà tó di ẹ̀karùn-ún, ó dìde, ọwọ́ rẹ̀ sì di òpó mú. Gbogbo àgọ́ rí i. Òfì dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Samsudeen wo ilẹ̀, ó ti ń tọwọ́ bọ àpò mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀. Mi ò lè purọ́, èmi náà ti ń ro bí a ó ṣe di ẹrù rẹ̀.

Ràsáàkì kò wo ẹnì kankan. Ó tẹ́ ẹní, ó dùbúlẹ̀, ó fa orúnkún òsì mọ́ra, ó mí, ó fa ọ̀tún. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìkánjú. Ó wá dìde, ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, "Kò tíì lọ tán, Samsu, mi ò sì sọ pé ó ti lọ tán. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, mo mọ ohun tí mo máa ṣe fún un." Ó padà sórí òfì.

Ìgbọ̀nwọ́ keje ló wà lórí rẹ̀ nígbà tí ládàánì pe ìrun ọ̀sán. Samsudeen wọ́ ọwọ́ lórí aṣọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó wo etí rẹ̀ méjèèjì bóyá ó wọ́. Kò wọ́.

"Ẹ dúró síbí, Bàbá," ló wí. "Ṣùgbọ́n lóṣooṣù, ẹ ó máa lọ jẹ́ kí obìnrin Ṣakí yẹn wò yín. Màá máa san owó ọkọ̀."

"Ti ẹnì kan ṣoṣo ni," ni mo tètè sọ. "Ó ti ń jókòó nínú ọkọ̀ báyìí."

Kí wọ́n tó kí ìrun alásàrí, Samsudeen ti ṣetán. Àwáwù di iṣu mẹ́jọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, lórí ìrọ̀rí méjì àárọ̀ ọjọ́ náà. Èmi àti Jẹ́ẹ́dé la sìn ín dé títì. Ràsáàkì juwọ́ sí i láti orí òfì, nítorí ìgbọ̀nwọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì pé.